Ta ló dìbò fún aṣòfin wa gan-an?

Sí Olóòtú,

Mo ka ìtàn ayé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan nínú ìwé ìròyìn yín láìpẹ́ yìí. Ẹ sọ ìlú tí wọ́n bí i sí, ilé ìwé tó lọ, oyè tí ọba fi dá a lọ́lá, títí dórí orúkọ ìjọ tó ń lọ. Nígbà tó kan ìbò tó gbé e wọlé, ẹ ní ó jáwé olúborí, ó parí. Ta ló bá a du ipò? Ìbò mélòó ló fi borí rẹ̀?

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé. Ní March 18, 2023, ọjọ́ ìbò aṣòfin ìpínlẹ̀, nígbà tí mo dé ibùdó ìdìbò wa ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, àwọn àgùnbánirọ̀ àti ọlọ́pàá pọ̀ ju àwa olùdìbò lọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì bi mí pé, "Bàbá, ṣé wọ́n tún ń dìbò ni? Ṣebí Oyèbánjí ti wọlé gómìnà." Mi ò bínú sí i. Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti dá Fáyẹmí láre lórí ipò gómìnà ní October 15, 2010, tí sáà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, ìbò gómìnà Èkìtì ti yà kúrò lára ti àwọn ìpínlẹ̀ tó kù. Gómìnà ló ń gba ìlù, ìrẹsì àti ariwo. Ìbò aṣòfin á wá dé ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sọ́jà.

Ẹ wo olóògbé Fúnminíyì Afúyẹ́, ọmọ ìlú wa níbí. Ó wọ ilé aṣòfin ní 2007, nígbà tí ilé náà pín sí méjì gbọọgba láàárín ẹgbẹ́ òṣèlú méjì: AC 13, PDP 13. Ní àkókò yẹn, bí ẹnì kan bá lọ sí ìsìnkú ìyá ìyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìròyìn nígbà Fáyẹmí. Ó di 2019 kí ẹkùn ìdìbò Ìkẹ́rẹ́ kìn-ín-ní tó rán an padà, wọ́n sì fi jẹ abẹnugan. Ó kú ní October 19, 2022, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí wọ́n búra fún Oyèbánjí. Ohun tí èmi fẹ́ kà ni àárín ìjókòó méjèèjì: kí ni Ìkẹ́rẹ́ rí lára rẹ̀ tí wọ́n fi pè é padà? Mo ka ìròyìn ikú rẹ̀ títí, mi ò rí i.

Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n dìbò yan abẹnugan míì ní November 15, ìbò 15 sí 10. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò kí wọ́n tó yọ ọ́. Olúbùnmi Adélúgbà, ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìbò náà, ló bọ́ sórí àga, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jẹ ẹ́ ní Èkìtì. Àwa tí a tún rántí November 2014, tí aṣòfin 7 nínú 26 jókòó pé àwọn ti yọ abẹnugan, a mọ̀ pé ẹni tí a bá rán lọ síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Síbẹ̀, báwo la ṣe ń rán wọn? Ní 2015, PDP kó gbogbo àga 26. Ní 2019, APC kó gbogbo àga 26. Mi ò gbà pé gbogbo àwọn tọ̀hún ló ya ọ̀lẹ láàárín ọdún mẹ́rin. Àsíá la dìbò fún, a ò wo ojú ẹni tó gbé e dání. (Èmi náà wà nínú wọn, kí n má purọ́.)

Ẹ bá mi tẹ orúkọ gbogbo ẹni tó ti ṣojú Ìkẹ́rẹ́ kìn-ín-ní àti ìkejì láti 1999 jáde, pẹ̀lú ẹni tó bá wọn du ipò, iye ìbò àti àbá òfin tí wọ́n gbé wá. Ẹ̀dà méjì ni n óò rà: ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún onígbàjámọ̀ mi, tó ń bá mi jiyàn láti ọdún tó kọjá pé òun mọ gbogbo wọn lórí.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.