Àjíkẹ́, ka eléyìí kó o tó fa síìpù báàgì ẹ

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ara èmi àti dádì ẹ le, òjò rọ̀ ní Iléṣà lánàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù àmọ́ gààrí ò tutù, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé tí mo bá pè ẹ́ lórí fóònù wàá kàn máa sọ pé "mo ti gbọ́ mà, mo ti gbọ́ mà", ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tẹ èyí láàárọ̀ yìí kí ọjà tó kún, kó o lè kà á lẹ́ẹ̀mejì ní Ifẹ̀ níbẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Manchester kì í ṣe Iléṣà sí Ifẹ̀ tó jẹ́ pé tó o bá gbàgbé nǹkan, màá fi rán dírẹ́bà tó ń bọ̀ lọ́la.

Nínú gbogbo ohun tí màá sọ, èyí ló ká mi lára jù: nǹkan tó o bá mọ̀ pé tí kò bá sí lọ́wọ́ ẹ fún ọjọ́ mẹ́ta wàá wọ wàhálà, má fi sínú báàgì tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ ní káúńtà. Ìnhélà ẹ, méjèèjì, báàgì ọwọ́ ló ń lọ, pẹ̀lú páálí tí wọ́n kọ orúkọ ẹ sí. Pásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà ilé-ìwé, ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, sátífíkéètì ẹ láti OAU, láptọ́ọ̀pù, owó, àwò ojú ẹ, aṣọ ìyípadà kan àti páńtì méjì, gbogbo ẹ̀, báàgì ọwọ́.

Ohun tójú mi rí ni mò ń sọ o. Ọdún 2018 tí mo lọ bá bọ̀dá ẹ àti ìyàwó ẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun ní London, ìwọ ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà yẹn, mo kó gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi sínú báàgì ńlá, mo wé e sínú ìró kí ó má baà fọ́, mo rò pé mò ń gbọ́n. Bàálù àkọ́kọ́ pẹ́ kó tó gbéra ní Èkó, ibi tá a ti fẹ́ yí bàálù, eré la sá bọ́ sínú ìkejì, èmi wọlé, ẹrù mi ò wọlé. Nígbà tá a dé London mo dúró síwájú bẹ́líìtì tó ń gbé ẹrù yí po, báàgì búlúù kan tó jọ tèmi ń kọjá, mo sáré tẹ̀ lé e, mo fà á yọ, mo rí i pé ó ní ìdè pupa lọ́rùn tèmi ò ní, mo dá a padà, nígbà tó tún yí dé mo tún sáré tẹ̀ lé e, Àjíkẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo mú báàgì oníbáàgì lọ́jọ́ yẹn. Àwọn èèyàn ń gbé tiwọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku èmi nìkan, bẹ́líìtì náà wá dúró gbagidi. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀.

Àṣìṣe kejì tí mo wá ṣe nìyí. Mo jáde. Mo jáde lọ bá bọ̀dá ẹ níta láì sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, èèyàn kì í sì í kàn padà wọlé síbẹ̀ tó bá ti jáde. Tí ẹrù ẹ ò bá dé (kò ní ṣẹlẹ̀ lórúkọ Jésù), má kúrò nínú gbọ̀ngàn yẹn, wá káúńtà àwọn tó ń rí sí ẹrù tó sọnù, wọ́n máa fún ẹ ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní PIR, nọ́ńbà kan máa wà lórí ẹ̀, nọ́ńbà yẹn ni wàá fi máa wo ibi tí ẹrù ẹ dé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n máa bi ẹ́ bí báàgì ṣe rí, nítorí náà ya fọ́tò ẹ̀ ní títì, kó o tún yà á ní ṣíṣí kí ohun tó wà nínú ẹ̀ hàn. Àwọn nǹkan tó pọn dandan tó o bá rà nítorí pé ẹrù ò tíì dé, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì, àwọ̀tẹ́lẹ̀, tọ́jú rìsíìtì, wọ́n lè dá owó ẹ̀ padà fún ẹ.

Ọjọ́ kẹrin ni tèmi tó dé. Ọjọ́ mẹ́rin láìlo oògùn, orí ń fọ́ mi, mò ń gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́ ojú sì ń yí mi, aṣọ ìyàwó bọ̀dá ẹ ni mò ń wọ̀, tí kò sì gbà mí. Táyà báàgì kan ti yọ dànù, ẹ̀gbẹ́ kan ti ya, àwa ṣáà ń dúpẹ́ pé ẹrù dé, a ò sọ nǹkan kan. Ó lé lọ́sẹ̀ kan kí bọ̀dá ẹ tó kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Àdéhùn kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Montreal ní 1999, Nàìjíríà àti ìlú ọba wà nínú ẹ̀, ó ní tí ẹrù bá bàjẹ́, ọjọ́ 7 lo ní láti kọ̀wé, ọjọ́ tó o gbà á ni wàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tí ó bá pẹ́ kó tó dé, ọjọ́ 21 lẹ́yìn tí wọ́n gbé e fún ẹ. Tí ọjọ́ 21 bá sì pé tí ẹrù ò tíì yọjú rárá, o lè kà á sí ohun tó sọnù kó o béèrè owó ẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ o, ẹnu lásán kò tó.

Ó ku ti ìwọ̀n. Wo tíkẹ́ẹ̀tì ẹ níbi tí wọ́n kọ baggage sí, tó o bá rí 2PC, báàgì méjì nìyẹn, kílò 23 lọ́kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń jẹ́ fún àwa tá à ń jókòó ní economy, àmọ́ ka tìẹ dáadáa torí ọkọ̀ òfurufú kan ò jọ ìkejì. Kì í ṣe kílò 46 tó o lè pín bó ṣe wù ẹ́. Tí ọ̀kan bá jẹ́ 28 tí ìkejì jẹ́ 18, ìwọ á máa ṣírò pé kò kúkú lé, àwọn á ní ọ̀kan ti lé, wọ́n á gba owó tàbí kí wọ́n ní kó o yọ ọ́ síbẹ̀. Mo ti rí ọmọge kan ní Èkó tó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú báàgì méjèèjì ní ṣíṣí, ó ń kó bàtà láti ibí sí ọ̀hún, rọ́bà ẹ̀gúsí ya mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lórí ìlà ń pariwo. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹ. Báàgì òfìfo fúnra ẹ̀ lè tó kílò 4 tàbí 5, má gbàgbé, èyí tó fúyẹ́ ni kó o rà. Gánà-mọ́s-gò ńkọ́, yọ ọ́ kúrò lọ́kàn, àwọn ọkọ̀ òfurufú kan kì í gbà á rárá.

Àwọn tó ń ra kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ti ní ká wá lo ìwọ̀n wọn. Dádì ẹ tó ti ń ta kòkó láti ìgbà tí mi ò tíì fẹ́ ẹ ló ní kí n sọ fún ẹ pé ìwọ̀n kan ò bá ìkejì dọ́gba rí, tó bá ti ka 22 níbí, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì òtútù ẹ, wọ̀ ọ́ sọ́rùn lọ, ooru á mú ẹ ní Èkó àmọ́ aṣọ tó wà lára èèyàn, wọn kì í wọ̀n ọ́n.

Oúnjẹ. Mo mọ̀ pé ibí lọkàn ẹ wà. Ẹran àti wàrà kò gbọdọ̀ wọ ìlú ọba láti ọ̀dọ̀ wa, yálà ó gbẹ ni o, yálà wọ́n dín in ni o, títí kan pọ̀nmọ́ àti kílíṣí, wọ́n á gbà á, wọ́n á dà á nù. Ẹja gbígbẹ tó o máa fúnra ẹ jẹ kò ní wàhálà. Iṣu tútù ńkọ́, ó dùn mí láti sọ ọ́ fún ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ó gba ìwé ẹ̀rí àwọn tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò kó tó lè wọ̀lú, torí náà fi sílẹ̀, ẹlùbọ́ àti yẹ̀fun iyán ni màá dì fún ẹ, gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀gúsí lílọ̀, ata gígún, irú gbígbẹ. Gbogbo ẹ̀ báàgì ńlá ló ń lọ, kó o kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sára ẹ̀ torí ẹni tó máa ṣí i wò ò mọ gààrí yàtọ̀ sí nǹkan míì. Epo pupa, ike tó ní ìdérí líle, dì í sínú rọ́bà mẹ́ta, ìgò kékeré kan ti tó, kó o kọ́kọ́ bi wọn bóyá wọ́n ń gbà á. Má fi nǹkan olómi tó ju mílílítà 100 sínú báàgì ọwọ́, ìpara ẹ àti ọbẹ̀ wà nínú ẹ̀, ata díndín náà olómi ni wọ́n kà á sí.

Power bank ẹ, ọwọ́ ni kó wà, má fi sínú ẹrù ńlá láéláé. Bátìrì yẹn lè gbaná. Tó bá ń rú èéfín lókè níbi téèyàn wà, wọ́n á tètè rí i pa, tó bá ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tí ẹrù wà ńkọ́? Èyí tí wọ́n kọ 20,000 mAh sí lára dáa. Èyí tó bá ti kọjá nǹkan bíi 27,000, àfi kí wọ́n fọwọ́ sí i fún ẹ.

Ní báyìí Àjíkẹ́, gbọ́ mi dáadáa. Má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù. Wọ́n ti ń wá o. Ìyá kan láàdúgbò ti dé ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì, ẹlùbọ́ ló ní òun fẹ́ fi rán ẹ sí ọmọ òun, ó ti rán ẹnu àpò náà pa tìmọ́tìmọ́, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, mo ní ẹ má bínú mà, kò sáyè. Inú ẹ̀ ò dùn, kò sì kí mi dáadáa mọ́. Mo fara mọ́ ọn. Kì í ṣe pé mo pè é ní èèyàn burúkú, ẹni tó fún òun náà ńkọ́, ṣé ó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀? NDLEA máa ń bá oògùn olóró nínú oúnjẹ ní ẹ́pọ́ọ̀tù yẹn, nínú ẹja, nínú ẹ̀gúsí, ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà lára báàgì ni wọ́n sì máa mú. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé ṣé ìwọ lo di ẹrù ẹ fúnra ẹ, òótọ́ ni mo fẹ́ kí ìdáhùn ẹ jẹ́. Kódà tó bá jẹ́ àǹtí ẹ ló gbé nǹkan wá, tú u sílẹ̀ lójú ẹ̀, tó bá bínú, ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ní ẹ́pọ́ọ̀tù pẹ̀lú, ẹni tó bá ní "sister, ẹ bá mi di báàgì yìí mú, mò ń bọ̀", kúrò níbẹ̀.

Tó o bá dé káúńtà tí wọ́n ti wọn ẹrù, má tíì yọ fóònù jáde, wo tágì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ báàgì. Lẹ́tà mẹ́ta máa wà lára ẹ̀, MAN ni ti Manchester. Torí pé tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lo rà láti Èkó lọ, ẹrù ẹ á lọ tààrà, ìwọ nìkan lo máa yí bàálù ní Istanbul. Tó bá jẹ́ IST nìkan lo rí tí kò sí MAN, sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, má tijú. Wọ́n á fún ẹ ní bébà kékeré tó ní nọ́ńbà tágì náà, wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ boarding pass, má yọ ọ́ dànù, òun ni ẹ̀rí pé o kó ẹrù fún wọn. Mo ti gé etí ìró àdìrẹ mi, a máa so ó mọ́ ọwọ́ báàgì méjèèjì, kí o má bàá máa sáré tẹ̀ lé báàgì ẹlẹ́báàgì bíi tèmi.

Ti ọ̀nà kò le. Ọjọ́ tó ṣáájú ni wàá ti dé Èkó, wàá sùn lọ́dọ̀ àǹtí ẹ ní Ògbà, má sọ pé o fẹ́ jí lọ láti Iléṣà, márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó yẹn ò ṣeé fọkàn tán, tó bá tún wá bọ́ sí Fúráìdé àkọ́kọ́ nínú oṣù tí àwọn èèyàn ń lọ Redemption Camp, o lè sùn sójú ọ̀nà. Wákàtí mẹ́rin kí bàálù tó gbéra ni kó o ti wà ní ẹ́pọ́ọ̀tù. Ọ̀pọ̀ káúńtà ni wọ́n máa ń tì ní wákàtí kan kó tó gbéra, ẹ̀bẹ̀ kì í sì í ṣí i. Sọ fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ pé international o, kó má lọ já ẹ sí MM2, ti àwọn tó ń lọ Àbújá nìyẹn.

Sátidé yìí tó o bá ń bọ̀, gbé báàgì méjèèjì dání láti Ifẹ̀, kó o sì dé kí àwọn oníkòkó tó ti ṣọ́ọ̀bù, ká lè wọn ẹrù. Má jẹun wá. Mo ti ra iṣu sílẹ̀, iyán ni màá gún.

Màámi ẹ