Ẹ Má Fi Ọjọ́ Márùn-ún Rin Ọ̀nà Dempster

Edmonton, Alberta,
Ọjọ́ 3, oṣù Karùn-ún.

Akínwálé, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà. Inú mi dùn nígbà tí o sọ fún mi lórí fóònù pé ìwọ, ìyàwó rẹ àti Tèmídire yóò gbé ọkọ̀ RV yín, tó dà bí ilé kékeré, lọ sí Tuktoyaktuk létí òkun àríwá Kánádà ní oṣù Kẹfà, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kó ẹrù gba ojú ọ̀nà yẹn, mo sì mọ̀ pé ohun tí ojú yín yóò rí níbẹ̀ kò ní kúrò lọ́kàn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ní ọjọ́ márùn-ún péré lẹ ó fi lọ láti Whitehorse, tí ẹ ó sì fi padà, oorun dá lójú mi.

Láti Whitehorse dé Dawson City, títì ọlọ́dà ni, n kò bẹ̀rù ibẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ọ̀nà Dempster, tí ó gùn tó nǹkan bí 740 kìlómítà kí ó tó dé ìlú Inuvik, tí ó sì tún ku nǹkan bí 140 kìlómítà sí Tuktoyaktuk, lórí ọ̀nà tí wọ́n ṣí ní ọdún 2017. Òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dì gbagidi láti ọdún dé ọdún, àwọn tó la ọ̀nà náà sì kó òkúta jọ gègèrè lé e lórí kí ooru má baà yọ́ yìnyín inú ilẹ̀, nítorí bí ó bá yọ́, ọ̀nà á rì. Etí ọ̀nà náà rọ̀, ó sì dà gẹ̀rẹ́. Ọkọ̀ tó wúwo bíi tiyín kò gbọdọ̀ yà síbẹ̀ torí àtiya fọ́tò.

Ṣé o mọ ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀nà náà? Ọlọ́pàá ni Dempster. Ní ìparí ọdún 1910, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ Fitzgerald àti àwọn mẹ́ta mìíràn gbéra láti Fort McPherson, ajá ń fa ẹrù wọn lórí yìnyín, wọ́n ń lọ sí Dawson. Fitzgerald fẹ́ kí ìrìn tirẹ̀ yá ju ti gbogbo àwọn tó ti lọ ṣáájú, ó sì dín oúnjẹ kù kí ẹrù lè fúyẹ́. Wọ́n tún dá ọmọ ìbílẹ̀ Gwich'in kan tí ó mọ ilẹ̀ náà bí ẹni mowó padà lójú ọ̀nà. Wọ́n ṣìnà, oúnjẹ tán, wọ́n ń pa ajá wọn jẹ bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kú ní ọdún 1911. Dempster ni ó wá òkú wọn rí. Ibi tí Fitzgerald kú sí kò ju nǹkan bí 40 kìlómítà lọ sí ibi tí ó ti gbéra. Nígbàkígbà tí mo bá kọjá lágbègbè náà, mo máa ń rò ó pé oúnjẹ tí ó fi sílẹ̀ kí ìrìn lè yá ni ìbá gbé e délé.

Èmi náà ti kánjú níbẹ̀ rí. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ dé etí odò Peel kí ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé mọ́tò kọjá tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró lóru. Mo tẹná lórí òkúta tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, táyà kan sì bẹ́. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo tún tẹná, òmíràn bẹ́ kí n tó lọ jìnnà. Sípéà kan ṣoṣo ni mo gbé dání. Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ẹ̀fọn ń wọ̀ mí létí, wọ́n ń wọ̀ mí nímú, fóònù mi kò sì ní nẹ́tíwọ̀kì rárá. Wákàtí mẹ́sàn-án kọjá kí ọkọ̀ mìíràn tó yọ. Nígbà tí mo dé etí odò lọ́jọ́ kejì, omi ti kún, gẹdú ńláńlá ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń kọjá.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, ẹ sọ ọjọ́ márùn-ún yẹn di mẹ́wàá. Odò méjì lẹ ó kọjá, Peel àti Mackenzie, kò sì sí ẹni tó lè bá omi dá àdéhùn. Ẹ gbé sípéà méjì dání, kí ẹ má sáré ju 60 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ rọ epo kún táńkì kí ẹ tó wọ ọ̀nà náà, nítorí kò sí ilé epo kankan títí dé Eagle Plains, tí ó jẹ́ 369 kìlómítà. Ní oṣù Kẹfà oòrùn kì í wọ̀ ní Inuvik. Ojú ọ̀run kò ní sọ fún ọ pé ó ti rẹ̀ ọ́, aago ni kí o máa wò. Bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá ti lù, pa ọkọ̀, fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, kí ẹ sùn. Ẹ máa ti gáàsì pa kí ọkọ̀ tó gbéra. Kí ìyàwó rẹ má ṣe gbé ẹja yíyan tàbí ìkòkò ọbẹ̀ síta, béárì ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti òkèèrè.

Fóònù sátẹ́láìtì mi ti wà ní sẹpẹ́. Wá gbà á ní Sátidé, kí o sì pè mí láti Eagle Plains ní àlọ àti ní àbọ̀. Màmá rẹ ti ra nẹ́ẹ̀tì tí Tèmídire yóò máa fi bojú nítorí ẹ̀fọn.

Èmi ni bàbá rẹ.