Ẹ Fi Àyè Sílẹ̀ fún Àtàǹpàkò

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdẹ ni mí láti Ṣakí, àmọ́ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ni mo ti ń dẹ àgbọ̀nrín báyìí. Ọ̀rọ̀ irin tí a fi ń de awò, èyí tí ọdẹ fi ń wo ẹran lókèèrè, mọ́ ìbọn ló mú mi kọ̀wé, torí owó awò nìkan làwọn ará wa ń rò.

Remington 700 ADL ni ìbọn mi. Abẹ́ àpò ọta rẹ̀ kò ṣeé ṣí. Ihò tó wà lókè la ti ń ki ọta sí i, lẹ́yìn tí a bá fa bóòtì, irin tí ń ti ọta mọ́ inú ìbọn, sẹ́yìn. Irin gbọọrọ kan ni wọ́n kọ́kọ́ tà fún mi, ó sì dábùú ihò náà bí afárá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ mi, ọta kan yọ̀ bọ́ sínú ewé gbígbẹ. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo tún un kì, etí irin bó mi ní àtàǹpàkò. Àgbọ̀nrín ti lọ.

Irin kéékèèké méjì ni mo fi rọ́pò rẹ̀, ọ̀kan níwájú ihò, èkejì lẹ́yìn. Ọta mẹ́rin ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ báyìí. Ẹ má tìtorí àyè gbé awò ga jù o: ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ fara ti ìdí ìbọn kí ojú tó lè bá awò ṣe déédéé. Irin gbọọrọ dára fún ìbọn tí àpò ọta rẹ̀ ń yọ láti abẹ́. N kò bá a jà. Àmọ́ kí ẹ tó sanwó, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fi ọta tí kò ní ẹ̀tù dán an wò.

Ọdẹ kan, Pennsylvania