Ẹ ṣílẹ̀kùn fún kíbọ́ọ̀dù àwọn ọmọ wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí síta, inú ń bí mi. Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí àwọn kíbọ́ọ̀dù orin tí ìjọba fún ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi nínú yàrá ẹrù. Ọ̀rá ṣì wà lára wọn, eruku sì bò wọ́n débi pé èèyàn lè fìka kọ orúkọ sí i. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá òkè kò tíì wá ṣí i! Kíbọ́ọ̀dù tí ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, kí la rà á fún?

Ọdún 1980 ni Casio, tí a mọ̀ mọ ẹ̀rọ ìṣirò, gbé kíbọ́ọ̀dù Casiotone jáde. Yamaha náà gbé PortaSound dé. Òkúta rédíò làwọn kékeré inú wọn ń lò. Bí NEPA múná lọ, à ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni. Bàbá mi tó jẹ́ olùkọ́ ra ọ̀kan. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, owó oṣù olùkọ́ ò ká a mọ́. Ó ku tòkunbọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ń rà á jù. Ní báyìí, orí fóònù làwọn ọmọ ti ń tẹ̀ ẹ́, lórí gíláàsì tí kò mọ̀ bóyá wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ tàbí wọ́n fagbára tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó sì dé ìdí kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì, kíì kan ṣoṣo, ìyẹn ìpele ohùn tí orin wà, ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ ọ́n tẹ̀. Bọ́tìnnì Transpose, tó ń gbé ohùn orin sókè tàbí sílẹ̀, ló ń bá wọn ṣe ìyókù.

Abẹ́ T.K.E. Phillips, atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ni Fela Ṣówándé, gbajúmọ̀ olórin wa, ti kọ́ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó, kó tó di ẹni tó ń tẹ dùùrù oníná Hammond ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ dùùrù yẹn ńkọ́?

Ohun tí mo fẹ́ rèé: kí ilé ìkàwé ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa yá ọmọ ní kíbọ́ọ̀dù bí wọ́n ṣe ń yá ni níwèé. Kí òbí fọwọ́ síwèé, kó fi owó díẹ̀ sílẹ̀ tí yóò gbà padà, kí ọmọ gbé e relé fún sáà kan. Kí íáfóònù wà pẹ̀lú rẹ̀, torí àwọn tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú alájọgbé tí kò fẹ́ ariwo. Bó bá bàjẹ́, kí owó yẹn tún un ṣe. Kí wọ́n dín owó kọ́sítọ́ọ̀mù kù, kí wọ́n sì gba olùkọ́ orin.

Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù tó wà nílẹ̀ kò nílò ìpàdé kankan. Ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣí i lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Òbí kan,
Ìbàdàn