Ìkéde: Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ní Nunavut

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, a kí yín o. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ń bọ̀ la máa pàdé. Ọ̀rọ̀ Mumilaaq Qaqqaq la fẹ́ jíròrò lé lórí, ẹni tó ṣojú Nunavut, agbègbè olótùútù kan ní àríwá Kánádà, nílé aṣòfin Kánádà láti 2019 sí 2021. Ó wọ ilé àwọn Inuit ẹgbẹ́ ẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ó rí ògiri tó ti bu àti yàrá tí èrò kún fọ́fọ́, ó sì padà lọ bi ìjọba léèrè. Ìlú 25 ló wà ní Nunavut, kò sí títì tó so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá ní “kí wọ́n sáà kọ́lé,” kó rántí pé ọkọ̀ ojú omi ìgbà ooru ni pákó ń dúró dè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ dé o. Ẹni tí kò bá ní lè wá, kó tètè sọ fún mi.

Akọ̀wé ẹgbẹ́