Ta ló rán ẹ̀wù Fádèyí?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí ọkùnrin kan kọ sí yín ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, níbi tó ti ní àwọn tó ń sunkún nítorí òṣèré orí tẹlifíṣọ̀n kò níṣẹ́ lọ́wọ́, àti pé àwa obìnrin la pọ̀ jù nínú wọn. Mo kà á tán, mo gbé ìwé ìròyìn náà sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, n kò sì lè fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ náà títí ọ̀sán fi pọ́n. Obìnrin ni mí, mo sì ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ni mo ti ń sunkún nítorí òṣèré, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ kò sì tán lọ́wọ́ mi rí.

Ní àwọn ọdún 1980, ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ní Adó-Èkìtì ni mo wà. Àwa mẹ́fà là ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ìyá náà. Òun nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n ní ojúlé wa, èyí tó wà nínú àpótí onígi, tó ní ilẹ̀kùn méjì tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá máa ṣe Àrélù, eré Yorùbá orí tẹlifíṣọ̀n, kí àkókò tó tó, a ó ti gbá àjákù aṣọ kúrò nílẹ̀, a ó ti da aṣọ bo ẹ̀rọ, a ó ti tẹ́ ẹní. Àwọn ará ilé á wọlé wá, àwọn ọmọdé á rọ́ mọ́ ojú fèrèsé. Ẹni tó bá ga tó sì lọ jókòó síwájú, á gbọ́ ọ̀rọ̀: "Ṣé orí rẹ la wá wò ni?"

Bí àwọn NEPA bá mú iná lọ láàárín eré, igbe tó máa ń sọ ní àdúgbò yẹn, àlejò á rò pé ẹnì kan ló kú. Dírẹ́bà kan ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Ó máa ń tú bátìrì ọkọ̀ rẹ̀ wá, a ó fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, eré á sì máa lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwa ọmọ iṣẹ́ la máa ń ti ọkọ̀ náà kó tó lè ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó ráhùn rí.

Tí Fádèyí Olóró, ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú eré náà, bá yọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọfọ̀, ẹnikẹ́ni kì í mí. Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìyàgbẹ́ wa wà, lábẹ́ igi máńgòrò, mẹ́ta mẹ́ta la sì máa ń jọ lọ lálẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò á fi èédú kun ojú, wọ́n á so ìkarahun ìgbín mọ́ àyà, ọ̀kan á ní òun ni Àwòrò, èkejì á ní òun ni Fádèyí.

Òrìṣàbùnmi, obìnrin inú eré náà, ni èmi ń wò ní tèmi. N kò ní ìyá mọ́ nígbà náà. Obìnrin yìí máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kì í bẹ̀rù ọkùnrin kankan, mo sì máa ń gbé ohùn rẹ̀ lọ sídìí iṣẹ́. Bí ọ̀gá mi bá tú aṣọ tí mo ti rán tán, tó dà á sí mi lẹ́sẹ̀ níwájú oníbàárà, tí omi ń gba ojú mi bọ̀, màá bi ara mi pé báwo ni Òrìṣàbùnmi ì bá ṣe dúró. Màá sì dúró bẹ́ẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí ọkùnrin tó kọ lẹ́tà sí yín mọ̀. Ohun tí mo rí gbà lọ́wọ́ obìnrin tí n kò bá pàdé rí nìyẹn, mo sì ń lò ó di òní olónìí.

Ìyá tó bí ọ̀gá mi, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, a máa jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá ní, "Ẹ káalẹ́ o," màmá á dáhùn pé, "Káalẹ́, ọmọ mi. Iṣẹ́ ńkọ́?" Lálẹ́ ọjọ́ kan, nínú eré kan tí n kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́, ìyálé da nǹkan sínú ẹ̀kọ mímu ìyàwó. Bí ọmọ náà ṣe gbé ife sẹ́nu, màmá dìde láìmú ọ̀pá rẹ̀, ó figbe ta: "Má mu ún o! Mo rí i!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí là ń rí rín, ṣebí ọmọ ẹnì kan ni. Ó ti tó ogójì ọdún báyìí, n kò tíì rí ohun tí mo lè fi dá a lóhùn.

Ó dá mi lójú pé ohun tí màmá ṣe yẹn kò bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, dé sí Ìbàdàn ní 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ṣùgbọ́n eré ti wà lára wa tipẹ́tipẹ́ kí èyíkéyìí nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí tó dé. Abẹ́ aṣọ eégún ni àwọn alárìnjó ti jáde. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe sí eégún: a mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú ẹ̀kú, bóyá ẹni tí a jọ jẹun láàárọ̀, síbẹ̀ a ó kúnlẹ̀, a ó pè é ní Bàbá, a ó ní kó súre fún wa, kò sì sí ọmọlúwàbí tó máa dárúkọ ẹni tó gbé e. Irú ojú yẹn náà la gbé lọ wo Fádèyí. Àmọ́ bí ọdún eégún bá parí, ẹni tó gbé e á bọ́ ẹ̀kú, á wẹ̀, á wọ aṣọ oko, kò sí ẹni tó máa dá a dúró lójú ọ̀nà pé kó wá jẹ́jọ́ ohun tí eégún ṣe. Òṣèré ni a kì í jẹ́ kó bọ́ aṣọ. Mo rí èyí pẹ̀lú ojú mi.

Nígbà tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi níbí ní Ìkẹ́rẹ́, lẹ́bàá ọjà, òṣèré obìnrin kan wá sí ìlú wa, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sìnkú ìyá. N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Lọ́dún náà, gbogbo ilé ló ń gégùn-ún fún un nítorí eré kan tó ti fún ọmọ orogún rẹ̀ ní májèlé jẹ. Ọ̀dọ̀ aláta ló kọ́kọ́ yà sí. Aláta wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó na apá bo ata rẹ̀, ó ní òun kì í tajà fún apànìyàn. Obìnrin náà rò pé wọ́n ń bá òun ṣeré, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Alálùbọ́sà dá sí i, alápatà dá sí i, ọmọdé kan ju èèpo ọsàn lù ú. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà mi, gèlè rẹ̀ ti tú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo gbé àpótí fún un, mo bu omi fún un. Ó mu ún tán, ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin ò bẹ̀rù mi ni?" Mo ní kó fara balẹ̀, kó so gèlè rẹ̀. Ó wá ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí òun ró nínú eré yẹn, ti ìyá òun ni, inú àpótí òun lòun ti mú un lọ, nítorí olúkálukú ló ń mú aṣọ ara rẹ̀ wá, àti pé iye tí wọ́n san fún òun kò tó ra irú rẹ̀. Ó ní ọmọdé tí òun fún ní májèlé yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n yàwòrán tán, orí itan òun ló sùn sí títí ìyá rẹ̀ fi dé. Èyí tó wá mú un sunkún ni ti ọmọ tirẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ní ilé ìwé kì í gba bísíkíìtì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní májèlé ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún méje.

Mo fà á lọ́wọ́, mo mú un padà lọ bá aláta. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Abiyamọ ni." Ìyá náà wò ó pẹ́. Ó bi í pé, "Nígbà tí o ń ṣe é, ṣé kò tilẹ̀ dùn ọ́?" Ó ní, "Ó dùn mí, mà." Màmá wọn ata fún un, ó sì fi èènì tó pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà na owó sí i, etí ìró rẹ̀ ni màmá fi gbà á. Kò fọwọ́ kàn án.

Kó tó lọ, ó ní kí n rán bùbá kan fún òun. Mo wọn èjìká rẹ̀, mo wọn àyà, mo wọn gígùn apá. Inṣì 15 ni èjìká, 38 ni àyà. Ó ṣì wà nínú ìwé ìwọ̀n mi, láàárín ìyàwó pásítọ̀ kan àti tíṣà kan.

Aláta yẹn, ó ṣeé mú èèyàn lọ bá. Ta la fẹ́ mú òṣèré lọ bá lórí Facebook? Ọmọ mi obìnrin fi èyí hàn mí lórí fóònù rẹ̀: òṣèré kan gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ síta lọ́jọ́ ìbí, ẹnì kan sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ọmọ náà kú bí èyí tí ìyá rẹ̀ pa nínú eré ṣe kú. Àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn tó ń wo BBNaija náà, wọ́n á dáwó jọ ra ẹ̀bùn fún ẹni tí wọ́n fẹ́ràn, wọ́n á sì fi ẹnu kan náà bú ìyá ẹni tí ẹlòmíràn fẹ́ràn. N kò wo ètò yẹn tó kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má rò pé àwọn yẹn nìkan ni mo ń bá wí, Olóòtú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, mo ń gé aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí rédíò ní Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú ti kú. Mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ ire, bí èèyàn ṣe ń sọ nípa ẹni tí kò mọ̀, mo sì ń gé aṣọ mi lọ. Ọ̀sán ni ọmọ iṣẹ́ mi kan sáré wọlé: "Mọ́mì, Òrìṣàbùnmi ti kú." Àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ mi. Obìnrin tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dúró, mo ti gbọ́ ikú rẹ̀ láàárọ̀, mo sì ti gbójú fò ó, nítorí n kò mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní ẹni bí ọgọ́ta ọdún ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Nígbà tí mo ń fi í ṣe ìyá lójú tẹlifíṣọ̀n, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Èmi àti òun fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́!

Oṣù mẹ́rin ṣáájú rẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, Jímọ̀ Àlíù ti lọ, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tó dá eré Àrélù sílẹ̀, tó sì jẹ́ Àwòrò fún gbogbo wa. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ó kan Fádèyí fúnra rẹ̀, Òjó Arówóṣafẹ́. Kò pé ọdún mẹ́ta tí àwọn mẹ́ta tó máa ń kún yàrá ọ̀gá mi fi tán. Mélòó nínú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín ló lè sọ pé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ni Bàbá Sàlá, aláwàdà tí ó kú ní Iléṣà lọ́dún 2018? Wọ́n á mọ agogo ńlá rẹ̀, wọ́n á mọ awò ojú rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín. Tí ẹ bá ti ń tẹ àwòrán òṣèré, ẹ tẹ orúkọ méjèèjì, èyí tí a fún un àti èyí tí òbí rẹ̀ fún un, kí àwọn méjèèjì sì jọ tóbi bákan náà. Ẹ rán akọ̀ròyìn lọ bá àwọn àgbà wọn tó ṣì wà, kí wọ́n tó di ìròyìn òkú. Bàbá Lérè Páímọ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Ẹ̀dá Onílé-Ọlá, kí ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ má bi wọ́n léèrè ta ni wọ́n ń bá jà. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń há ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sórí, àti ibi tí wọ́n ń sùn nígbà tí wọ́n bá ń gbé eré káàkiri, àti ẹni tó ń tọ́jú ọmọ nílé.

Ìbéèrè kan wà tí ó jẹ́ tèmi gan-an, tí n kò rí ẹni tó bi í rí. Ẹ̀wù oògùn tí Fádèyí ń wọ̀, ta ló rán an? Mo ti tún un wò lórí fóònù ọmọ mi ní àìmọye ìgbà, mo ń wo bí wọ́n ṣe so àdó mọ́ aṣọ náà tí kò fi já bọ́ nígbà tí ìjà bá dé. N kò mọ̀ bóyá awọ ni wọ́n fi tẹ́ abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó lu abẹ́rẹ́ sí i, tàbí òwú oníṣẹ́ bàtà ni wọ́n lò. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ mi báyìí, mo sì fẹ́ fi kọ́ wọn. Bí aránṣọ náà bá wà láàyè, tàbí ọmọ rẹ̀, ẹ bá mi tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Aránṣọ kan,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.