Lẹ́tà sí Àkànní Lórí Oògùn Ẹ̀yìn Tí Ó Lè Da Ọkàn Rú

Àkànní, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀gbọ́n rẹ ti gúnlẹ̀ sí Abẹ́òkúta láyọ̀, ó sì kó gbogbo ẹrù tí o fi rán an fún wa. Bàbá rẹ ti wọ bàtà tí o rà fún wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, inú wọn sì dùn púpọ̀. Ohun tí ó mú kí n kọ lẹ́tà yìí dípò kí n pè ọ́ lórí fóònù ni ike oògùn aláwọ̀ ọsàn tí mo bá nínú bàtà ẹsẹ̀ òsì. Orúkọ rẹ ni ó wà lára rẹ̀: cyclobenzaprine, oògùn tí ń dẹ iṣan, mílígíráàmù 10. Mo dà á sí àtẹ́lẹwọ́, mo kà á, hóró 11 ló kù. O sì kọ ọ́ sí bébà kékeré kan pé, “Fún ìbàdí Bàbá.”

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló sún ọ ṣe é. Ó ti pẹ́ tí ìbàdí ti ń yọ bàbá rẹ lẹ́nu, o sì rí i pé oògùn náà ran ìwọ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀yìn rẹ rọ́ níbi tí o ti ń gbé páálí ní Houston. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò sì lè fi ọ̀rọ̀ yìí bò fún ọ: oògùn tí o fi ránṣẹ́ yẹn lè ṣe bàbá rẹ ní jàǹbá.

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé oògùn kan ń dẹ iṣan á rò pé inú iṣan tí ó le náà ni ó ń lọ tààrà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Cyclobenzaprine, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí títà rẹ̀ ní 1977, inú ọpọlọ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì amitriptyline, oògùn tí a ń fún àwọn tí àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá jà, tí gbogbo wa lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé ó máa ń yọ ọkàn lẹ́nu bí ó bá pọ̀ lára. Iná kékeré kan wà nínú ọkàn tí ń rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun ni ó ń pàṣẹ ìgbà tí ọkàn yóò fún ara rẹ̀ pọ̀ àti ìgbà tí yóò sinmi. Okùn kan sì tún ti ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ wá tí ó ń fa ọkàn ní ìjánu kí ó má baà sáré jù. Oògùn yìí máa ń dẹ ìjánu náà, ọkàn á wá máa sáré. Bí ó bá sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè mú kí iná ọ̀hún máa falẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ọkàn sì máa lù ségesège. Ẹnu rẹ tí ó ń gbẹ nígbà tí o ń lò ó, agbára kan náà ló fà á.

N kò ní bù mọ́ ọn fún ọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń lo oògùn yìí kò ní rí ju oorun àti ẹnu gbígbẹ lọ, àwọn tí lílù ọkàn wọn dàrú nígbà tí wọ́n dán an wò kò sì tó ẹnì kan nínú 100. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kì í ṣe ẹni tí a lè kà mọ́ àwọn 99 yòókù. Ọkàn wọn ti ń lù ségesège láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìwọ náà sì wà lára àwọn tí ń fowó oògùn wọn ránṣẹ́. Ìwé tí ó ń bá cyclobenzaprine jáde sọ ọ́ kedere pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège báyìí, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nínú ìkọlù ọkàn, àti ẹni tí thyroid rẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré kan ní ọrùn, ń ṣiṣẹ́ jù, kò gbọdọ̀ lò ó rárá. Ọjọ́ orí tún wà ńbẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí 18 ni ìdajì rẹ̀ fi ń kúrò lára ọ̀dọ́ bíi tìrẹ; lára àgbàlagbà ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí hóró òní á fi bá ti àná níbẹ̀.

Mo ti fi ọwọ́ ara mi kan irú rẹ̀ rí. Wọ́n gbé màmá kan tí ń ta àdìrẹ wá bá wa ní òru ọjọ́ kan, ó ní àyà òun ń já. Mo fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀: ó lù kíákíá nígbà mẹ́ta, ó dákẹ́, ó lù ẹ̀ẹ̀kan, ó tún sáré. A bi í léèrè oògùn tí ó lò, ó ní òun kò lo nǹkan kan. Nígbà tí a tú ìró rẹ̀ ni a rí hóró orphenadrine, oògùn mìíràn tí ń dẹ iṣan, tí ó so mọ́ etí aṣọ, èyí tí ó rà lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri oògùn nínú bọ́ọ̀sì. Lójú tirẹ̀, oògùn ẹ̀yìn kì í ṣe oògùn, kò sì rò pé ó kan àyà. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ìlù ọwọ́ yẹn títí dòní.

Ó kan ọ̀rọ̀ tìrẹ. Lóṣù tó kọjá o sọ fún mi pé àyà rẹ ń lù kì-kì-kì lóru, o sì fi ẹ̀rín gbé e kúrò. Àkànní, má fi ẹ̀rín gbé e kúrò mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta péré ni wọ́n ní kí a lo oògùn yìí, ìwọ sì ti lò ó kọjá oṣù kan. Lọ sọ fún dókítà rẹ, kí o ní kí ó ṣe àyẹ̀wò ECG, èyí tí ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn, fún ọ, kí o sì dárúkọ gbogbo ohun tí o ń gbé mì fún un, títí kan tramadol tí ọ̀rẹ́ rẹ fún ọ, nítorí òun àti cyclobenzaprine kì í rẹ́. Ohun mímu afúnnilágbára (energy drink) tí o fi ń ṣọ́ òru níbi iṣẹ́ náà ń lé ọkàn ní eré. Dá a dúró ná. Bí dókítà bá fẹ́ fi tizanidine, oògùn mìíràn tí ń dẹ iṣan, rọ́pò cyclobenzaprine, jẹ́ kí ó mọ̀ bí o bá ń lo ciprofloxacin, oògùn tí ń pa kòkòrò àìsàn, èyí tí a ń rà nílé níbí bí ẹni ra gúgúrú, tí mo sì mọ̀ pé o kó dání lọ. Àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ pàdé: ciprofloxacin lè sọ tizanidine inú ẹ̀jẹ̀ di ìlọ́po 10, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ jù, kí ọkàn sì máa wọ́ ẹsẹ̀. Bí òòyì bá kọ́ ọ débi pé o dákú, bí àyà bá ń dùn ọ́ tàbí tí èémí kò já gaara, pe 911 lójú ẹsẹ̀, má ṣe wa ọkọ̀ fúnra rẹ.

Ní ti bàbá rẹ, aṣọ ìnura gbígbóná àti paracetamol ni a fi ń tọ́jú ìbàdí wọn, a ó sì rí dókítà wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ka lílù ọkàn wọn ní ọrùn ọwọ́ wọn láàárọ̀ yìí, 76 ni ní ìṣẹ́jú kan. Hóró 11 yẹn, mo ti lọ̀ wọ́n mọ́ eérú, mo sì ti dà wọ́n nù. Pè mí lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, kí o kó gbogbo oògùn tí ó wà nílé rẹ sórí tábìlì kí o tó pè, kí a jọ ka orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan.

Èmi ni ìyá rẹ.